Bẹ́ẹ ṣe lè fi ọkọ̀ onígbòkun rin àwọn erékùṣù Grenadines láti òkè dé ìsàlẹ̀

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fi sẹ́yìn ni mo fẹ́ fi ṣíwájú: nínú omi tí òkúta iyùn wà, ìyẹn coral tó ń hù lábẹ́ òkun, oòrùn lẹ máa fi ríran. Máàpù òkun dáa, GPS náà dáa, ẹ lo méjèèjì, àmọ́ iyùn máa ń dàgbà, iyanrìn máa ń ṣípò, ìjì kan ṣoṣo sì lè da gbogbo ẹ̀ rú lóru ọjọ́ kan, máàpù tí wọ́n ti yà látọdúnmọ́dún ò lè mọ ìyẹn. Ojú yín ló máa mọ̀ ọ́n. Ojú ò sì lè rí nǹkan kan lábẹ́ omi àfi tí oòrùn bá ga, tó wà lókè orí yín tàbí lẹ́yìn yín. Torí náà aago tẹ́ẹ máa gbéra, erékùṣù tẹ́ẹ máa kọ́kọ́ yà sí, ibi tẹ́ẹ máa sùn, ibi tí oòrùn máa wà nígbà tẹ́ẹ bá ń wọlé ló yẹ kó pinnu gbogbo ẹ̀.

Grenadines tí mò ń sọ yìí, àwọn erékùṣù kéékèèké tó tò láàárín St. Vincent ní àríwá àti Grenada ní gúúsù ni, nínú òkun Caribbean. Bequia ló kọ́kọ́ wà, Mustique wà lápá ìlà oòrùn ọ̀nà yín, lẹ́yìn náà Canouan, Mayreau, Tobago Cays, Union Island, gbogbo ìwọ̀nyẹn abẹ́ orílẹ̀-èdè Saint Vincent and the Grenadines ni wọ́n wà. Petite Martinique àti Carriacou tó wà nísàlẹ̀ wọn, Grenada ló ni wọ́n. Láti St. Vincent dé olú ìlú Grenada, nǹkan bíi 70 máìlì òkun péré ni, máìlì òkun kan sì jẹ́ 1.852 kìlómítà. Mi ò mọ ibòmíì tí mo lè júwe fún ẹni tó fẹ́ kọ́kọ́ gbìyànjú irú ìrìn àjò yìí tó dáa tó o, torí bẹ́ẹ ṣe ń kúrò ní erékùṣù kan lẹ ti ń rí èkejì lọ́ọ̀ọ́kán, omi ibẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ kún kó sì fà, ìyàtọ̀ tó máa ń wà kò ju nǹkan bí ìdajì mítà lọ, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ náà kì í yí kiri bó ṣe wù ú. Tẹ́ẹ bá ní ọjọ́ mẹ́wàá ó dáa, tó bá jẹ́ ọ̀sẹ̀ kan lẹ ní ẹ fi erékùṣù kan tàbí méjì sílẹ̀, kẹ́ẹ má sáré.

Ìgbà wo ló yẹ kẹ́ẹ lọ? December sí May ni ẹ̀ẹ̀rùn níbẹ̀. Èmi máa sọ pé kẹ́ẹ lọ láàárín February sí May, torí ní December àti January afẹ́fẹ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní afẹ́fẹ́ Kérésìmesì, ó lè fẹ́ dé 25 sí 30 nọ́ọ̀tì (nọ́ọ̀tì kan jẹ́ máìlì òkun kan ní wákàtí kan) fún ọjọ́ mélòó kan láìsinmi, ẹni tó ti mọ ọkọ̀ ọ́ wà lè fara dà á àmọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ò ní gbádùn ẹ̀ rárá. Láti ọjọ́ kìíní June títí di ọjọ́ 30 November, ìgbà ìjì líle ni, tí wọ́n ń pè ní họ́ríkéènì. Tẹ́lẹ̀, ohun táwọn tó ń tukọ̀ máa ń sọ ni pé Grenada àtàwọn erékùṣù ẹ̀ ti jìnnà sísàlẹ̀ jù, pé ìjì kì í sábà débẹ̀, ni ìjì Ivan bá dé lọ́dún 2004, ìjì Beryl tún gba orí Carriacou kọjá ní ọjọ́ kìíní July 2024, ìjì onípele kẹrin ni nígbà yẹn, ilé tó pọ̀ jù ní Union Island àti Carriacou ló bà jẹ́ lọ́jọ́ kan yẹn. Ẹ má fi ẹ̀mí ara yín dán an wò torí pé owó háyà ọkọ̀ máa ń wálẹ̀ lásìkò yẹn.

Láti òkè wá sísàlẹ̀ ni kẹ́ẹ rìn ín o. Ìdí ẹ̀ ni pé afẹ́fẹ́ ibẹ̀ láti ìlà oòrùn ló ti ń wá, ó lè yà sí àríwá díẹ̀, ó lè yà sí gúúsù díẹ̀, àmọ́ ìlà oòrùn náà ni, tọ̀sán tòru, nǹkan bíi 15 sí 20 nọ́ọ̀tì lọ́jọ́ tára ẹ̀ bá balẹ̀. Àwọn erékùṣù yẹn sì tò lọ sí gúúsù, wọ́n tún dagun díẹ̀ sí ìwọ̀ oòrùn. Tẹ́ẹ bá ń bọ̀ láti St. Vincent, ẹ̀gbẹ́ òsì yín lafẹ́fẹ́ ti máa ń bá yín, nígbà míì kó sún mọ́ ẹ̀yìn, ibẹ̀ gan-an ni ọkọ̀ onígbòkun ti ń sáré jù tí ara sì ń tu àwọn tó wà nínú ẹ̀ jù. Tẹ́ẹ bá gbéra láti Grenada wá, ṣe lẹ máa dojú kọ afẹ́fẹ́ àti ìgbì pa pọ̀, omi á máa fọ́n sí yín lójú, ìṣàn omi á tún máa tì yín sápá ìwọ̀ oòrùn. Ọ̀nà kan náà ni o, àmọ́ ìrìn àjò méjì tó yàtọ̀ síra pátápátá ni.

Torí náà ẹ wá ọkọ̀ tẹ́ẹ lè gbà ní St. Vincent kẹ́ẹ sì fi sílẹ̀ ní Grenada. Àwọn iléeṣẹ́ kan máa ń gbà bẹ́ẹ̀, wọ́n á bu owó lé e torí pé ẹlòmíì ló máa dá ọkọ̀ padà fún wọn, ẹ san án. Ó ti rọrùn láti débẹ̀ látìgbà tí wọ́n ti ṣí pápákọ̀ òfuurufú Argyle ní St. Vincent lọ́dún 2017, ọkọ̀ òfuurufú ńlá lè balẹ̀ níbẹ̀ báyìí, ibi tí wọ́n ti ń háyà ọkọ̀ ojú omi ní Blue Lagoon ò sì jìnnà síbẹ̀. Ẹnu ọ̀nà Blue Lagoon yẹn tóóró, iyùn ló yí i ká, ẹ ní kí òṣìṣẹ́ tó fún yín lọ́kọ̀ bá yín wà á jáde.

Nípa ọkọ̀ fúnra ẹ̀: èyí tó ní ìdí kan ń tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tó bá ń sáré, ó máa ń wọnú omi tó nǹkan bíi mítà méjì, àmọ́ ó mọ bí wọ́n ṣe ń kọjú sí afẹ́fẹ́. Katamaráànì tó ní ìdí méjì dúró ṣánṣán, ààyè pọ̀ nínú ẹ̀, kò sì wọnú omi tó bẹ́ẹ̀, mítà kan lé díẹ̀ ni, èyí wúlò gan-an nínú omi tí kò jìn. Tẹ́ẹ bá ní ọmọdé tàbí àgbàlagbà nínú ọkọ̀, katamaráànì ni. Kí wọ́n tó fún yín lọ́kọ̀ láìsí kápútẹ̀nì, wọ́n máa béèrè ìwé ẹ̀rí tàbí àkọsílẹ̀ ibi tẹ́ẹ ti tukọ̀ rí. Tí kò bá tíì dá yín lójú pé ẹ lè dá ìdákọ̀ró jù sómi nínú afẹ́fẹ́ 25 nọ́ọ̀tì, ẹ háyà kápútẹ̀nì ará ibẹ̀ fún ọjọ́ méjì mẹ́ta àkọ́kọ́, kẹ́ẹ máa wo ọwọ́ ẹ̀, kẹ́ẹ máa béèrè ìbéèrè, àwọn èèyàn yẹn mọ òkúta kọ̀ọ̀kan tó wà lábẹ́ omi níbẹ̀, ohun tẹ́ẹ máa kọ́ lọ́wọ́ wọn ò sí nínú máàpù kankan.

Ohun tẹ́ẹ máa gbé dání ò pọ̀. Awò ojú tó ń pa dídán omi, ìyẹn polarised, òun ni mo fi ṣe àkọ́kọ́, torí láìsí i ẹ ò ní rí abẹ́ omi dáadáa. Fìlà tó ní okùn, aṣọ tó bo apá, ìpara oòrùn, awò ìlúwẹ̀ẹ́ abẹ́ omi fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Tí èébì bá máa ń gbé yín lójú omi, ẹ lo oògùn ẹ̀ kẹ́ẹ tó gbéra, tó bá ti bẹ̀rẹ̀ tán kò ní ṣiṣẹ́ mọ́, kẹ́ẹ sì jókòó síta, kẹ́ẹ máa wo ibi tí òkun àti ojú ọ̀run ti pàdé. Ẹ má gbé aṣọ tó láwọ̀ ti sójà dání rárá, ì báà jẹ́ ti ọmọdé, òfin St. Vincent àti ti Grenada ò fàyè gba kẹ́ni tí kì í ṣe ológun wọ̀ ọ́.

Owó tí wọ́n ń ná ni dọ́là East Caribbean, láti 1976 ni wọ́n ti so ó mọ́ ti Amẹ́ríkà, dọ́là Amẹ́ríkà kan jẹ́ 2.70 tiwọn, kì í yí padà. Ẹ gba káàṣì ní St. Vincent tàbí Bequia kó pọ̀ díẹ̀, torí ẹ ò ní rí ẹ̀rọ tó ń pọwó ní gbogbo erékùṣù, ẹni tó ń ta búrẹ́dì nínú ọkọ̀ kékeré ò sì ní gba káàdì lọ́wọ́ yín. Omi mímu náà, ẹ rọ ọ́ kún táǹkì dáadáa níbẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ lára àwọn erékùṣù kéékèèké yìí ò ní odò kankan, omi òjò ni wọ́n ń gbè pa mọ́, ìyẹn ló fà á tí omi fi wọ́n níbẹ̀, torí náà ẹ máa fi omi òkun fọ abọ́, kẹ́ẹ wá fi omi táǹkì ṣan án.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká gbéra. Láti Blue Lagoon sí Bequia, nǹkan bíi máìlì òkun mẹ́sàn-án ni, kò ju wákàtí méjì lọ, àmọ́ ẹ má fojú kéré ẹ̀, torí afẹ́fẹ́ tó ń yí orí ilẹ̀ St. Vincent kọjá máa ń fún pọ̀ níbẹ̀, ó máa ń le ju ti ibòmíì lọ, tí ìṣàn omi bá sì ń bọ̀ wá pàdé afẹ́fẹ́ ìgbì á ga, á tún sún mọ́ra. Ẹ ká ìgbòkun ńlá wálẹ̀ níwọ̀n kẹ́ẹ tó kúrò níbi tí omi ti dákẹ́. Ó rọrùn láti tú u sílẹ̀ padà tẹ́ẹ bá rí i pé afẹ́fẹ́ ò le, àmọ́ kéèyàn máa ká ìgbòkun láàárín omi tó ń ru, nígbà tí ọmọ kan ń bì tí ìyá ẹ̀ ń pariwo, ìyẹn le. Kí gbogbo èèyàn wọ láìfù-jákẹ́ẹ̀tì ní ọ̀nà yẹn, kẹ́ẹ sì so gbogbo nǹkan tó wà nínú yàrá àti ilé ìdáná mọ́lẹ̀. Kí rédíò VHF, ìyẹn rédíò tí àwọn ọkọ̀ fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, wà lórí ikanni 16 tí wọ́n fi ń pe ìrànlọ́wọ́ ní gbogbo ìgbà.

Ẹ máa ṣọ́ ìṣàn omi o. Láàárín àwọn erékùṣù yìí, ìwọ̀ oòrùn lomi sábà máa ń ṣàn lọ, ẹ lè kọ imú ọkọ̀ sí ibi tẹ́ẹ ń lọ gan-an, kó wá di pé omi ti gbé yín lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ láìmọ̀, tẹ́ẹ bá máa fi rí i ẹ ti wà nísàlẹ̀ ibi tẹ́ẹ ń lọ, ẹ gbọ́dọ̀ wá kọjú sí afẹ́fẹ́ kẹ́ẹ tó débẹ̀. Ohun tẹ́ẹ máa ṣe ni kẹ́ẹ wá nǹkan méjì lórí ilẹ̀ níwájú, bí orí òkè kan àti àpáta tó wà níwájú ẹ̀, kẹ́ẹ jẹ́ kí méjèèjì wà lórí ìlà kan. Tí èyí tó wà níwájú bá ti ń sún sápá òsì lójú yín, omi ti ń gbé yín lọ sápá ọ̀tún nìyẹn, ẹ yí ìtọ́kọ̀ sápá òsì díẹ̀. Ẹ máa ṣe bẹ́ẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, ẹ máa dojú imú ọkọ̀ sí apá ìlà oòrùn ibi tẹ́ẹ ń lọ díẹ̀.

Ẹ kọ́ bẹ́ẹ ṣe máa ka àwọ̀ omi báyìí, torí ẹnì kan gbọ́dọ̀ dúró síwájú ọkọ̀ tẹ́ẹ bá ti sún mọ́lẹ̀, kó máa fi ọwọ́ júwe fún ẹni tó wà nídìí ìtọ́kọ̀, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ariwo torí afẹ́fẹ́ á gbé ohùn lọ. Búlúù tó ki dẹ́dẹ́, omi ibẹ̀ jìn. Tó bá ń di àwọ̀ ewé tó mọ́lẹ̀, iyanrìn ló wà nísàlẹ̀, omi ò fi bẹ́ẹ̀ jìn mọ́, bó bá ṣe ń funfun sí i ni jíjìn ẹ̀ ń dín kù sí i. Tó bá dúdú bí ẹni fi yíǹkì sí i nínú omi tó mọ́lẹ̀, ó lè jẹ́ koríko abẹ́ omi, ó sì lè jẹ́ òkúta, ẹ kà á sí òkúta. Àwọ̀ búráùn tàbí èyí tó dà bíi pupa rẹ́súrẹ́sú, iyùn tó sún mọ́ ojú omi nìyẹn, ẹ má débẹ̀. Òjìji ìkùukùu náà máa ń tan èèyàn jẹ, ẹ dúró díẹ̀, tó bá ń rìn, ìkùukùu ni.

Gbogbo ìyẹn ò ṣeé rí tí oòrùn bá kọjú sí yín, ojú omi á kàn máa dán yanranyanran ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kẹ́ẹ fi oòrùn ṣètò ọjọ́ yín: ibùdókọ̀ tó wà ní etíkun ìwọ̀ oòrùn, ọ̀sán ni kẹ́ẹ wọ̀ ọ́, torí ìlà oòrùn lẹ máa kọjú sí bẹ́ẹ bá ń wọlé. Èyí tó wà ní etíkun ìlà oòrùn, àárọ̀ ni, nígbà tí oòrùn ṣì wà lẹ́yìn yín. Laago mẹ́ta ọ̀sán, ó yẹ kí ìdákọ̀ró yín ti wà nísàlẹ̀ omi níbikíbi tẹ́ẹ bá wà. Ilẹ̀ máa ń ṣú kíákíá níbẹ̀, láàárín aago márùn-ún ààbọ̀ sí mẹ́fà ààbọ̀ ni oòrùn ń wọ̀ káàkiri ọdún, kì í pẹ́ lẹ́yìn ẹ̀ tí gbogbo ibẹ̀ máa dúdú. Nǹkan míì tẹ́ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀, pàápàá ẹni tó kọ́ ọkọ̀ ní Yúróòpù tàbí Áfíríkà: ní gbogbo agbègbè Amẹ́ríkà, àmì pupa lójú omi, ọwọ́ ọ̀tún yín ló gbọ́dọ̀ wà tẹ́ẹ bá ń ti òkun wọlé. Ti Yúróòpù òdìkejì ẹ̀ ni. Ẹ kọ ọ́ sórí ìwé kẹ́ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìdí ìtọ́kọ̀.

Ọ̀rọ̀ ìdákọ̀ró ló kàn, mo fẹ́ kẹ́ẹ fara balẹ̀ síbí. Ibi tí iyanrìn wà nìkan lẹ máa ju ìdákọ̀ró sí. Orí koríko kì í dì í mú, orí iyùn ẹ máa ba nǹkan tó gba ọ̀pọ̀ ọdún kó tó hù jẹ́, ṣéènì yín náà sì lè há síbẹ̀. Ẹ rọra wa ọkọ̀ lọ síbi iyanrìn tẹ́ẹ rí, kẹ́ẹ kọ imú ẹ̀ sí afẹ́fẹ́, kẹ́ẹ dúró pátápátá, kẹ́ẹ wá sọ ìdákọ̀ró kalẹ̀ títí táá fi kan ilẹ̀. Kí afẹ́fẹ́ máa tì yín sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ bẹ́ẹ ṣe ń tú ṣéènì sílẹ̀, ẹ má dà á sílẹ̀ gbàràdà lójú kan. Báwo ni ṣéènì náà á ṣe gùn tó? Ẹ ṣírò bí omi ṣe jìn, ẹ fi gíga imú ọkọ̀ kún un, kẹ́ẹ wá sọ ọ́ dọ̀nà márùn-ún. Tí omi bá jìn ní mítà márùn-ún, tí imú ọkọ̀ ga ní mítà kan, mẹ́fà nìyẹn, ṣéènì 30 mítà lẹ máa tú. Tí afẹ́fẹ́ bá máa le lóru tàbí tó bá jẹ́ okùn ló pọ̀ jù, ẹ sọ ọ́ dọ̀nà méje.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi ẹ́ńjìnì wà á sẹ́yìn, jẹ́jẹ́ lákọ̀ọ́kọ́, kẹ́ẹ wá fi kún un. Tí ọkọ̀ ò bá kúrò lójú kan, ó ti gbá ilẹ̀ mú. Ẹ má wá lọ gbé ọtí o, ẹ wọ awò ìlúwẹ̀ẹ́, kẹ́ẹ lúwẹ̀ẹ́ lọ wo ìdákọ̀ró náà fúnra yín, omi ibẹ̀ mọ́, ẹ máa rí i: kó rì sínú iyanrìn, kí ṣéènì nà tààrà, kó má fara kan iyùn kankan. Tó bá dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ fà á sókè kẹ́ẹ tún un ṣe, ì báà jẹ́ ẹ̀ẹ̀mẹrin. Ẹ tún wo àwọn ọkọ̀ tó wà nítòsí, ẹ ro bí wọ́n á ṣe yí tí afẹ́fẹ́ bá yí. Kẹ́ẹ tó sùn, ẹ tan áláàmù ìdákọ̀ró lórí GPS, kẹ́ẹ sì tan iná funfun sórí òpó ọkọ̀. Bọ́ì, ìyẹn nǹkan tó léfòó tí wọ́n so mọ́ ìsàlẹ̀ omi kí ọkọ̀ lè so okùn mọ́ ọn, náà wà láwọn ibì kan, àmọ́ tí kì í bá ṣe ti àwọn aláṣẹ ibẹ̀, ẹ lúwẹ̀ẹ́ lọ wo ohun tí wọ́n so ó mọ́ kẹ́ẹ tó gbára lé e.

Bequia, Admiralty Bay lẹ máa wọ̀, ó gbòòrò, ìwọ̀ oòrùn ló kọjú sí, ẹ lè ra oúnjẹ ní Port Elizabeth, kẹ́ẹ wo àwọn tó ń fi igi gbẹ́ ọkọ̀ kéékèèké, iṣẹ́ ọwọ́ wọn dára gan-an. Mustique, àdáni ni erékùṣù yẹn, bọ́ì wọn ní Britannia Bay lẹ máa so ọkọ̀ mọ́, owó ẹ̀ ò kéré, èmi ò rò pé ó pọn dandan tí ọjọ́ yín ò bá pọ̀. Láti Bequia sí Canouan nǹkan bíi 20 máìlì òkun ni, ẹ tètè gbéra. Ìgbì máa ń mi ọkọ̀ níbùdó Canouan, ẹ sùn ibẹ̀ tó bá pọn dandan, kẹ́ẹ máa lọ.

Mayreau àti Tobago Cays ni mo fẹ́ kẹ́ẹ fi ọjọ́ tó pọ̀ jù sí. Salt Whistle Bay ní Mayreau kéré, iyùn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì ẹnu ọ̀nà ẹ̀, àárín gbùngbùn lẹ máa gbà. Ẹ gun òkè lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì tó wà lórí erékùṣù náà, látibẹ̀ ẹ máa rí gbogbo Tobago Cays lẹ́ẹ̀kan náà, iyùn rẹ̀ àti ọ̀nà tẹ́ẹ máa gbà wọ̀ ọ́, kò sí àwòrán tó lè júwe ẹ̀ fún yín tó bẹ́ẹ̀. Ẹ lọ wò ó lọ́jọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tẹ́ẹ máa wọlé.

Tobago Cays fúnra ẹ̀, erékùṣù kéékèèké márùn-ún ni, Petit Rameau, Petit Bateau, Baradal, Jamesby àti Petit Tabac, kò sẹ́ni tó ń gbé níbẹ̀, iyùn ńlá kan tí wọ́n ń pè ní Horseshoe Reef ló yí mẹ́rin lára wọn ká níwájú. Iyùn yẹn ló ń gba ìgbì òkun Atlantic dúró. Ẹ máa wà nínú omi tó tòrò, afẹ́fẹ́ á máa fẹ́ lù yín, ẹ ò sì ní rí ilẹ̀ kankan níwájú. Ìwọ̀ oòrùn lẹ ti máa ń wọlé láti Mayreau, torí náà tẹ́ẹ bá gbéra laago mẹ́jọ àárọ̀ oòrùn á gún yín lójú tààrà. Ẹ jẹun, ẹ wẹ̀, ẹ gbéra laago mọ́kànlá, ọ̀nà ò tó wákàtí kan. Ibi ìpamọ́ ìjọba ni, àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ máa fi ọkọ̀ wá gbowó lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan yín, ẹ san án, kẹ́ẹ gba rìsíìtì. Àwọn ìjàpá òkun máa ń jẹ koríko nítòsí Baradal, wọ́n ti fi bọ́ì pààlà síbẹ̀. Ẹ lúwẹ̀ẹ́ síbẹ̀ jẹ́jẹ́, ẹ má fọwọ́ kàn wọ́n, ẹ má lé wọn. Àlejò ò gbọ́dọ̀ fi ọ̀kọ̀ pẹja lábẹ́ omi ní orílẹ̀-èdè yẹn rárá.

Ẹ máa rí àwọn ọ̀dọ́kùnrin tó máa fi ọkọ̀ kékeré wá bá yín ní gbogbo ibùdó, wọ́n á ta búrẹ́dì, yìnyín, ẹja, wọ́n á bá yín so okùn mọ́ bọ́ì, àwọn míì máa ń yan lọ́bísítà fún yín létí òkun lálẹ́. Iṣẹ́ wọn ni, ẹ kí wọn dáadáa, ẹ gbọ́ iye kẹ́ẹ tó gbà, tẹ́ẹ ò bá fẹ́ ẹ sọ pé ẹ ò fẹ́ tẹ̀ríntẹ̀rín. Àmọ́ láti ọjọ́ kìíní May sí ọjọ́ 31 August, wọn ò gbọ́dọ̀ pa lọ́bísítà, tẹ́nikẹ́ni bá gbé e wá lásìkò yẹn ẹ má rà á. Tẹ́ẹ bá wà lórí ilẹ̀, igi kan wà létí òkun tó ń jẹ́ manchineel, èso ẹ̀ dà bí ápù kékeré tó láwọ̀ ewé, májèlé ni, oje ẹ̀ sì máa ń jó ara. Tí òjò bá ń rọ̀ ẹ má sá sábẹ́ ẹ̀. Ẹ sọ ọ́ fáwọn ọmọ kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀.

Láti Tobago Cays sí Clifton ní Union Island, ẹ kúrò láàárọ̀, torí ìwọ̀ oòrùn lẹ ń lọ báyìí, etíkun ìlà oòrùn sì ni Clifton wà. Iyùn wà níwájú ibùdó yẹn, òmíì tún wà láàárín ẹ̀ gan-an, ẹ máa wo àwọn àmì dáadáa. Ẹ ná owó níbẹ̀ o, ẹ jẹun, ẹ ra nǹkan lọ́wọ́ wọn, ohun tí Beryl ṣe fún wọn ò kéré, iṣẹ́ àtúnkọ́ gba àsìkò. Clifton náà lẹ ti máa ṣe ìwé ìjáde lọ́dọ̀ kọ́sítọ́ọ̀mù àti imigiréṣọ̀n kẹ́ẹ tó wọ Grenada. Kápútẹ̀nì ló máa lọ, pẹ̀lú ìwé ọkọ̀ àti pásípọ́ọ̀tù gbogbo èèyàn, ẹ lè ti kọ́kọ́ fi ìsọfúnni yín ránṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì nípasẹ̀ SailClear kó lè yá. Ẹ má lọ ní òpin ọ̀sẹ̀ tàbí lẹ́yìn àkókò iṣẹ́, wọ́n máa gbowó lé e.

Tẹ́ẹ bá ti kúrò níbẹ̀, ẹ ta àsíá òfeefee, òun ló ń sọ pé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé sí orílẹ̀-èdè míì. Carriacou lẹ máa lọ tààrà, nǹkan bíi máìlì òkun mẹ́jọ, Hillsborough tàbí Tyrrel Bay lẹ ti máa ṣe ìwé ìwọlé. Petite Martinique wà lójú ọ̀nà, ó máa wù yín, àmọ́ Grenada ló ni ín, ẹ ò gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀ kẹ́ẹ tó wọlé lábẹ́ òfin. Tẹ́ẹ bá ti ṣe ìwé tán, ẹ sọ àsíá òfeefee kalẹ̀, ẹ ta ti Grenada. Ní abúlé Windward lórí Carriacou wọ́n ṣì ń fi igi kan ọkọ̀ onígbòkun létí òkun bí àwọn baba wọn ṣe ń kàn án, ẹ yà síbẹ̀, ẹ bá wọn sọ̀rọ̀.

Láti Tyrrel Bay sí St. George's, nǹkan bíi 30 máìlì òkun ni, òun ló gùn jù. Òkè ayọnáyèéfín kan wà lábẹ́ omi lójú ọ̀nà yẹn, Kick 'em Jenny lorúkọ ẹ̀, ó wà ní nǹkan bíi kìlómítà mẹ́jọ sí àríwá Grenada, ọdún 1939 ni wọ́n kọ́kọ́ rí i tó bú. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọn ju kìlómítà kan ààbọ̀ lọ nígbàkigbà, tí wọ́n bá sì gbé ìkìlọ̀ ẹ̀ sí àwọ̀ ọsàn, kìlómítà márùn-ún ni. Ohun tó jẹ́ kó léwu ni pé tí gáàsì bá ń hó jáde láti ìsàlẹ̀, omi ibẹ̀ á fúyẹ́ débi pé kò ní lè gbé ọkọ̀ dúró. Ẹ wo ìkìlọ̀ ọjọ́ yẹn kẹ́ẹ tó gbéra, kẹ́ẹ yí i ká, lẹ́yìn náà kẹ́ẹ máa bá etíkun ìwọ̀ oòrùn Grenada sọ̀ kalẹ̀, omi á tòrò lójijì níbẹ̀, àmọ́ ẹ̀fúùfù lè já wálẹ̀ látorí òkè, ẹ má tíì tú ìgbòkun tán.

Tó bá ṣẹlẹ̀ pé ẹ ò rí ọkọ̀ tí wọ́n lè gbà lọ́wọ́ yín ní Grenada, tẹ́ẹ gbọ́dọ̀ dá a padà sí St. Vincent, ẹ ya ọjọ́ mẹ́ta ó kéré tán sọ́tọ̀ fún ìpadàbọ̀. Ẹ gbéra láfẹ̀mọ́júmọ́, ẹ má kúrò lẹ́bàá Grenada títí ẹ fi dé orí ilẹ̀ ẹ̀ lápá àríwá, kẹ́ẹ wá kọjá sí Carriacou, kẹ́ẹ lo ẹ́ńjìnì pẹ̀lú ìgbòkun tó ti kéré. Ẹ ṣe ìwé ìjáde níbẹ̀, ẹ ṣe ìwé ìwọlé ní Clifton. Láti Canouan sí Bequia lọ́jọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta ló máa le jù, ẹ sùn dáadáa lálẹ́ tó ṣáájú ẹ̀, kẹ́ẹ máa yí ọkọ̀ sápá ìlà oòrùn nígbàkigbà tí afẹ́fẹ́ bá gbà yín láyè, torí gbogbo ibi tí omi bá gbé yín lọ sí ìwọ̀ oòrùn lọ́jọ́ yẹn, ẹ máa tukọ̀ padà gbà á.